Sọ́fítíwia ọ̀fẹ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà: Ìgbà wo ló yẹ kí oníṣòwò ṣe é láti sọ́ọ̀sì kóòdù?

Ẹni tó bá rìn láti ẹnu géètì Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba Mayfair lọ sí Lágéré, ní Ilé-Ifẹ̀, yóò rí i pé bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà pọ̀ lójú ọ̀nà náà. Wọ́n ń táìpù, wọ́n ń ṣe fótókọ́pì, wọ́n ń síkáànù, wọ́n sì ń di ìwé pọ̀. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń múra láti kó iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá wọn sílẹ̀, ọwọ́ wọn kì í dilẹ̀ rárá. Àmọ́ iṣẹ́ kan wà tí kì í tètè wu àwọn tó ń táìpù: kí oníbàárà gbé ìwé Yorùbá tí wọ́n ti tẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, kó ní kí wọ́n bá òun táìpù rẹ̀ látòkèdélẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn lókè àti àmì ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ náà ń jẹ àkókò, ó ń fa ẹ̀yìn dídùn, owó tí oníbàárà fẹ́ san kì í sì í sábà tó wàhálà rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, sọ́fítíwia kan wà tó lè wo àwòrán ojú ewé tí wọ́n síkáànù, kó sì kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀, tí èèyàn yóò kàn jókòó ti àtúnṣe. Tesseract ni wọ́n ń pè é. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ní fáìlì tiẹ̀ fún èdè Yorùbá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń ṣe àwọn oníṣòwò ní ìkà ni ọ̀nà tí wọ́n máa gbà gbé e sórí kọ̀ǹpútà wọn. Àwọn kan ní kí wọ́n gbé èyí tí wọ́n ti ṣe tán. Àwọn ọmọ tó gbówọ́ nídìí kọ̀ǹpútà ní rárá, pé kí wọ́n lọ mú sọ́ọ̀sì kóòdù rẹ̀, kí wọ́n fúnra wọn kọ̀ǹpáìlì rẹ̀. Èwo ni ká ṣe, èwo ni ká fi sílẹ̀? Oníṣòwò tí kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì lè fi ọ̀fẹ́ ra wàhálà.

KÍ NI SỌ́Ọ̀SÌ KÓÒDÙ?

Sọ́ọ̀sì kóòdù ni ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ṣe sọ́fítíwia fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí ọmọ aráyé tó gbọ́ èdè náà lè kà. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò lè lo ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí i padà sí èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Iṣẹ́ ìyípadà yìí ni wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpáìlì.

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ro àmàlà ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tán. Èlùbọ́ ni sọ́ọ̀sì kóòdù, àmàlà ni sọ́fítíwia tó ti jinná, tó kù kí wọ́n jẹ. Ẹni tó ra àmàlà ní bùkátéríà kò mọ ohun tó wà nínú èlùbọ́ rẹ̀, kò sì lè sọ ọ́ di èlùbọ́ padà. Ẹni tó ra èlùbọ́ lè kù ú, ó lè yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì lè ro ó bó ṣe wù ú. Àmọ́ òun náà ló máa wá omi, òun ló máa wá iná, òun ló sì máa fọ ìkòkò.

Ilé iṣẹ́ tó ń ta sọ́fítíwia sábà máa ń fi èlùbọ́ tirẹ̀ pamọ́, àmàlà nìkan ló ń tà. Ní 1983, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Richard Stallman, kéde pé òun fẹ́ ṣe sọ́fítíwia tí gbogbo èèyàn yóò lè ka sọ́ọ̀sì kóòdù rẹ̀, tí wọ́n lè tún un ṣe, tí wọ́n sì lè fún ẹlòmíràn. GNU ló pè é. Ní 1991, Linus Torvalds, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Finland, gbé Linux jáde. Ní 2004, ọmọ South Africa kan, Mark Shuttleworth, gbé Ubuntu jáde lórí Linux yìí, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì fi síídì rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí àwọn èèyàn káàkiri ayé láti 2005 títí di 2011. Ubuntu yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, òun náà sì ni àpẹẹrẹ ìsàlẹ̀ yìí dá lé.

IBI TÍ TESSERACT TI WÁ

Ilé iṣẹ́ Hewlett-Packard, tí àwọn oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà mọ̀ sí HP nítorí pírẹ́ńtà, ló ṣe Tesseract láàárín 1985 sí 1994. Ní 2005, wọ́n ṣí sọ́ọ̀sì kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Láti 2006, Google ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀dà kẹrin rẹ̀ jáde ní 2018 pẹ̀lú ọ̀nà tuntun tó fi ń dá ọ̀rọ̀ mọ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà karùn-ún sì jáde ní ìparí 2021. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ lónìí wà káàkiri ayé. Ìwé àṣẹ rẹ̀ gba oníṣòwò láyè láti fi pawó láìsan kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Fún èdè Yorùbá, fáìlì kan tó ń jẹ́ yor.traineddata ni Tesseract máa ń kà kó tó mọ ẹ, ọ àti ṣ. Oníṣòwò ní láti mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tó bá kọ jáde ni yóò tọ̀nà. Àwọn lẹ́tà bí ẹ́ àti ọ̀ nira fún kọ̀ǹpútà nítorí pé wọn kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú ètò Unicode tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò. Lẹ́tà ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, àmì orí rẹ̀ ní tirẹ̀. Bí ìwé bá ti gbó, tí àmì ti parẹ́, kọ̀ǹpútà kò lè rí ohun tí ojú kò rí. Nítorí náà, ẹni tó gbọ́ Yorùbá gbọ́dọ̀ ka iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá àti kọ̀ǹpútà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ yìí. Ní Ifẹ̀ fúnra rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ṣe ìwádìí lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè ka ọ̀rọ̀ Yorùbá síta. Ní Ìbàdàn, Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá dá àjọ Alt-I sílẹ̀ láti bójú tó ọ̀rọ̀ èdè Áfíríkà nínú kọ̀ǹpútà. Ohun tó kù ni kí àwọn tó ń fi èdè náà jẹun lójoojúmọ́ mọ ohun tí wọ́n lè rí mú lò.

KÍ WỌ́N TÓ RO ÀMÀLÀ, KÍ WỌ́N BÉÈRÈ BÓYÁ Ó WÀ LỌ́JÀ

Ohun àkọ́kọ́ tí oníṣòwò gbọ́dọ̀ béèrè ni bóyá ẹlòmíràn ti kọ̀ǹpáìlì ohun tó fẹ́ yìí fún un. Lórí Ubuntu, àṣẹ kan ṣoṣo ni:

sudo apt install tesseract-ocr tesseract-ocr-yor

Bí ó bá ti tẹ̀ ẹ́, tó sì fi páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀ sí i, kọ̀ǹpútà yóò lọ gbé Tesseract àti fáìlì Yorùbá rẹ̀ wá. Ẹni tó ń lo Windows náà kò ní kọ̀ǹpáìlì ohunkóhun. Ilé ìkàwé Yunifásítì Mannheim ní Jámánì ti ṣe èyí tí wọ́n á kàn tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí yóò sì gun orí kọ̀ǹpútà wọn.

Àǹfààní tó wà nínú apt ni pé ohun tó bá gbé wá, òun náà ni yóò máa gbé àtúnṣe rẹ̀ wá. Ohun tí oníṣòwò bá fúnra rẹ̀ kọ̀ǹpáìlì, apt kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí ihò kan nínú rẹ̀ lọ́la tí olè lè gbà wọlé, oníṣòwò náà ni yóò gbọ́, òun náà ni yóò sì dí i.

Kí ló wá dé tí ẹnikẹ́ni fi ń kọ̀ǹpáìlì? Ìdí pàtàkì méjì ló wà. Àkọ́kọ́, èyí tó wà nínú apt lè ti pẹ́. Ẹni tó ń lo Ubuntu 22.04, Tesseract 4.1.1 ni apt yóò gbé fún un, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dà karùn-ún ti jáde kí Ubuntu náà tó dé. Ẹni tó wà lórí Ubuntu 24.04 kò ní irú ìṣòro yìí, nítorí 5.3.4 ni tirẹ̀. Èkejì, oníṣòwò lè fẹ́ ohun tí wọn kò fi sínú èyí tí wọ́n ti ṣe tán. Yàtọ̀ sí ìdí méjèèjì yìí, ẹni tó ń kọ̀ǹpáìlì nítorí pé wọ́n ní ìyẹn ni ti ọ̀gá ń wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀ ni.

Ká ní ìyá kan ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Lágéré, tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà lórí Ubuntu 22.04, tí ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ sì sọ fún un pé, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n bá yín kọ̀ǹpáìlì ti tuntun.” Ìdáhùn ọlọgbọ́n ni pé, “O ṣeun. Tó o bá wá lọ ṣe àgùnbánirọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ta ni yóò máa bójú tó o?” Bí ọmọ náà bá lè kọ gbogbo ohun tó ṣe sínú ìwé, tí ẹlòmíràn lè tẹ̀ lé e, kó máa bá iṣẹ́ lọ. Bí kò bá lè kọ ọ́, kí wọ́n fi èyí tó wà nínú apt ṣiṣẹ́, tàbí kí wọ́n sọ Ubuntu náà di 24.04.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É

Bí wọ́n bá ti wò ó tí wọ́n rí i pé ó yẹ, ìgbésẹ̀ márùn-ún ló wà. Kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ oníbàárà kò sí lórí rẹ̀ ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Bí kò bá sí òmíràn, kí wọ́n kó gbogbo iṣẹ́ oníbàárà sórí háàdì díìsìkì tí wọ́n lè yọ kúrò, kí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò.

Ìgbésẹ̀ kìíní ni kíkó ohun èlò jọ. Èlùbọ́ nìkan kò di àmàlà, omi àti orógùn gbọ́dọ̀ wà:

sudo apt update
sudo apt install g++ make autoconf automake libtool pkg-config
sudo apt install libpng-dev libjpeg8-dev libtiff5-dev zlib1g-dev libleptonica-dev

Leptonica tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí òun ló ń bá Tesseract ka àwòrán.

Ìgbésẹ̀ kejì ni gbígbé sọ́ọ̀sì kóòdù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín gan-an, ìyẹn ojúlé tesseract-ocr lórí GitHub. Kí wọ́n má gbà á lọ́wọ́ ẹni tó fi fúláàṣì kó o káàkiri. Èyí tí wọ́n ti kéde pé ó ti parí ni kí wọ́n mú, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣì ń tún ṣe lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti tú àpò náà, kí wọ́n wọ inú fódà rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni yíyẹ ilé wò:

./autogen.sh
./configure

Àṣẹ kejì yìí máa ń wò ó bóyá gbogbo ohun èlò ti pé. Bí ó bá dúró lójú ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rù. Kí wọ́n ka ìlà tó gbẹ̀yìn. Níbẹ̀ ló ti ń sọ ohun tí kò rí. Bí Leptonica kò bá sí, yóò dárúkọ Leptonica. Kí wọ́n lọ gbé e wá, kí wọ́n sì tún àṣẹ náà tẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni kọ̀ǹpáìlì fúnra rẹ̀:

make

Ọ̀rọ̀ yóò máa yí lójú kọ̀ǹpútà fún ìgbà díẹ̀. Àwọn kan máa ń fi àṣẹ mìíràn kún un kó lè yára, àmọ́ ìyẹn lè mú kí kọ̀ǹpútà tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ kéré gan pa. Make lásán tó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún ni gbígbé e kalẹ̀ síbi tí gbogbo kọ̀ǹpútà yóò ti rí i:

sudo make install
sudo ldconfig
tesseract --version

Ìlà kẹta ni ẹ̀rí. Bí nọ́ńbà tuntun bá jáde, ó ti yọrí. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n gbé fáìlì yor.traineddata sínú fódà /usr/local/share/tessdata. Ẹni tó bá gbàgbé ìyẹn, Tesseract yóò sọ fún un pé òun kò mọ èdè tó ń béèrè. Ní báyìí, bí àwòrán ojú ewé bá ń jẹ́ ojuewe.png, àṣẹ yìí yóò kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sínú fáìlì esi.txt:

tesseract ojuewe.png esi -l yor

OHUN TÓ MÁA Ń BÀ Á JẸ́

Iná ni àkọ́kọ́. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ nígbà tí make ń lọ lọ́wọ́, kò sábà ba nǹkan jẹ́. Bí iná bá dé, kí wọ́n tún make tẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé. Àmọ́ bí iná bá lọ nígbà tí apt ń gbé nǹkan kalẹ̀, apt lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ mọ́ títí wọ́n á fi tẹ àṣẹ yìí:

sudo dpkg --configure -a

Nítorí náà, kí jẹnẹrétọ̀ tàbí ìnfátà wà nítòsí nígbà ìgbésẹ̀ kìíní àti ìkarùn-ún.

Èkejì ni kí ẹ̀dà méjì wà lórí kọ̀ǹpútà kan. Bí ti apt bá wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n tún gbé tuntun kalẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lè má mọ èyí tó ń lò. Kí wọ́n yọ ti àtijọ́ kúrò kí wọ́n tó gbé tuntun wọlé.

Ẹ̀kẹta ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pa fódà sọ́ọ̀sì kóòdù rẹ́ lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí. Àṣìṣe ni. Inú fódà yẹn ni wọn yóò ti tẹ sudo make uninstall lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó pa á rẹ́ yóò máa fọwọ́ wá fáìlì kọ̀ọ̀kan kiri.

ÈLÙBỌ́ TÍ WỌ́N TI FI NǸKAN SÍ

Àwọn kan gbà pé níwọ̀n ìgbà tí gbogbo ayé lè ka sọ́ọ̀sì kóòdù, kò lè sí ewu nínú rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2024 fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Sọ́fítíwia ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ XZ, tí wọ́n fi ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré. Ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan bá wọn ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ fún bí ọdún méjì títí wọ́n fi fọkàn tán an. Ó wá dọ́gbọ́n fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1, èyí tí yóò jẹ́ kí ó lè wọ kọ̀ǹpútà onílé láti òkèèrè. Apá tó ń jí ohun burúkú náà dìde nígbà tí wọ́n bá ń kọ̀ǹpáìlì wà nínú àpò tí wọ́n dì fún aráyé nìkan. Kò sí níbi tí gbogbo èèyàn ti ń ka kóòdù náà.

Andres Freund, tó ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft, ló rí i. Ó ṣàkíyèsí pé wíwọ inú kọ̀ǹpútà òun láti òkèèrè ti fi bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò fojú fò ó. Ó tọpasẹ̀ rẹ̀, ó sì ké sí gbogbo ayé ní ọjọ́ 29 oṣù náà, kí ó tó tàn dé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún oníṣòwò kékeré ni pé kí ó má ṣe gbà pé kíkọ̀ǹpáìlì fúnra ẹni nìkan ni ààbò. Àwọn kan máa ń kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ àpò wọn síta, tí èèyàn lè fi àṣẹ sha256sum wò bóyá ó bára mu. Ó dára kí wọ́n wò ó, nítorí yóò fi hàn pé ẹnikẹ́ni kò pààrọ̀ àpò náà lójú ọ̀nà. Àmọ́ kò lè sọ ohun tí ẹni tó di àpò náà fi sínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí oníṣòwò sáré gbé ẹ̀dà tó jáde lánàá sórí kọ̀ǹpútà tó fi ń jẹun.

ÌṢIRÒ TÓ YẸ KÍ WỌ́N ṢE

Ọ̀fẹ́ kò túmọ̀ sí pé kò ní náni ní nǹkan. Dátà tí wọ́n fi gbé e wá jẹ́ owó, epo jẹnẹrétọ̀ jẹ́ owó, wákàtí tí ọmọ iṣẹ́ fi jókòó tì í náà jẹ́ owó. Kí oníṣòwò mú ojú ewé márùn-ún nínú ìwé tí oníbàárà gbé wá, kó fi aago wò ó: ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fi táìpù ojú ewé kan, ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fi síkáànù rẹ̀, tí wọ́n sì tún àṣìṣe Tesseract ṣe?

Ká ní títáìpù gba ogójì ìṣẹ́jú, tí síkáànù pẹ̀lú àtúnṣe gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lórí ìwé olójú ewé ọgọ́rùn-ún, èrè ibẹ̀ jẹ́ 2,500 ìṣẹ́jú, ìyẹn wákàtí mọ́kànlélógójì àti ogójì ìṣẹ́jú. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn. Àmọ́ bí ìwé náà bá gbó débi pé àtúnṣe gba ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, kí wọ́n gbé Tesseract sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n táìpù. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n dán wò lọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ òfin náà wà níbẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, dáàbò bo sọ́fítíwia bó ṣe dáàbò bo ìwé. Ẹni tó ń lo sọ́fítíwia tí wọ́n jí tú ń fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wewu, fáírọ́ọ̀sì sì lè bá a wọlé. Bákan náà ni ẹni tó ń síkáànù odidi ìwé ẹlòmíràn láìgba àṣẹ. Ìwé tí oníbàárà fúnra rẹ̀ kọ, tàbí èyí tó ní ìwé àṣẹ rẹ̀, ni kí wọ́n gbà.

Ní ìkádìí, èyí tí wọ́n ti ṣe tán ni kí oníṣòwò fi bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá tó o, tó sì ní ẹni tí yóò bójú tó o, kó wá sọ́ọ̀sì kóòdù lọ, kó gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kó dán an wò níbi tí iṣẹ́ oníbàárà kò sí, kó tọ́jú fódà rẹ̀, kó sì kọ gbogbo àṣẹ tó tẹ̀ sínú ìwé kan tí yóò wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìwé yẹn ni ọmọ iṣẹ́ tuntun yóò ṣí lọ́jọ́ tí ti àkọ́kọ́ bá ti wọ mọ́tò lọ sí ibi tí wọ́n pín in sí. Ẹni tó bá máa ro àmàlà fúnra rẹ̀, kó ti mọ ẹni tí yóò fọ ìkòkò.